Orúkọ Màmá Kò Ní Pasẹ́ǹtì Nínú

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Erin, tọmọdé tàgbà, onílé àti àlejò, ẹ gbọ́ o!

Ẹni tó ń dáná, kó fa igi sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀, kó ṣan ọṣẹ ojú rẹ̀, bó bá rí omi ṣan án. Ẹni tó ń jà, kó fi ìjà náà sílẹ̀ ná, kó padà sí i bí ìkéde bá parí. Akéde Láwuyì ló dúró lẹ́nu ẹ̀rọ omi yìí pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Ikùn rẹ̀ ń kùn ju agogo lọ, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Iṣẹ́ tí Kábíyèsí rán akéde rèé. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú orúkọ ọmọ Òkè-Erin ní ìtúkútùú mọ́! Akéde tún un sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú orúkọ ọmọ Òkè-Erin ní ìtúkútùú mọ́! Ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Bí ohun tí òfin yìí ń sọ kò bá tíì yé yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín. Kò yé akéde náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un. Ó kàn ń mi orí níwájú àwọn olóyè ni. Ìgbà tó jáde dé ìta ààfin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọlé lọ bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí akéde sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ irú ìjà tó máa ń wáyé lẹ́nu ẹ̀rọ omi yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbá ara yín ní kẹ́ẹ̀gì. Ẹ da omi sí olóyè lára, ẹ ní ẹ ò mọ̀ pé olóyè ni. Kábíyèsí wá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan fi fóònù kọ orúkọ baálé tàbí ìyáálé rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù tó wà lójú ìkànnì ààfin. Kọ̀ǹpútà ààfin á to orúkọ náà, akéde á sì máa pè wọ́n láràárọ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè, kó jẹ́, kó bọ́ síwájú, kó pọn omi rẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá pè, kó dúró. Òfin tó dára ni. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Akéde pàtẹ́wọ́ ju gbogbo yín lọ, nítorí wọ́n ra bàtà tuntun fún un.

Múyìbì, ọmọ ọkùnrin tó ń ṣe bátìrì mọ́tò ní ìsàlẹ̀ odò, ló ṣe ìkànnì náà. Ó kàwé, ó sì mọ iṣẹ́. Nígbà tó ṣe é tán, ó dán an wò. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i bí ó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, Muyibi, láìfi àmì kankan sí i. Orúkọ náà jáde geere. Ó tún un tẹ̀, ó tún jáde geere. Ó wá lọ sọ fún Kábíyèsí pé iṣẹ́ ti parí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Òkè-Erin, ẹ kì í kọ orúkọ yín láìfi àmì sí i. Ìgbéraga tiyín nìyẹn. Ará Òkè-Erin tó ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sára kẹ́ẹ̀gì epo yóò yí kẹ́ẹ̀gì náà títí, yóò wá ibi tí àmì máa gbà. Nítorí náà, ẹ fi gbogbo àmì yín ránṣẹ́ sí ààfin.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí fóònù ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ há, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún akéde. Lẹ́tà lásán nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí lẹ́tà bá ti fi àmì dé fìlà lórí, tàbí tó fi àmì wọ bàtà nísàlẹ̀, ọ̀nà ò gbà á. Fóònù á wá tú u palẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá tú bẹ́ẹ̀dì tó tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Pákó kọ̀ọ̀kan á wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmì pasẹ́ǹtì kan á sì wà níwájú pákó kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà Ọ kan ṣoṣo, pákó mẹ́ta ló ń dà. Kò burú. Ohun tó kù ni kí ẹni tó wà nínú ilé to bẹ́ẹ̀dì padà. Múyìbì ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì kankan wà láti tò. Orúkọ tirẹ̀ rìn wọlé fúnra rẹ̀ ni.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ jáde lórí ìwé, wọ́n gbé e fún akéde. Ẹ sì mọ̀ pé akéde Òkè-Erin kì í fi kún iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kì í sì í yọ nínú rẹ̀. Bí bàbá Láwuyì ṣe ṣe é nìyẹn, bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn. Bí aáyán bá kú sórí ìwé tí wọ́n fún Láwuyì, yóò kéde aáyán náà. Ó rò pé ọgbọ́n nìyẹn.

Orúkọ Kábíyèsí ló ṣáájú, nítorí ààfin náà ń pọn omi. Akéde lu agogo. Ó gbóhùn sókè. Pasẹ́ǹtì E ọ̀kan! Pasẹ́ǹtì B B! Pasẹ́ǹtì mẹ́jọ C! B! A! Àwọn àgbà ń wojú ara wọn, wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn dọ̀bálẹ̀ ni tàbí kí àwọn sá. Ìránṣẹ́ ààfin dúró pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè.

Akéde ò bojú wẹ̀yìn. Ó ń pè é lọ ní kíkún, pasẹ́ǹtì lórí pasẹ́ǹtì. Bẹ́ẹ̀ ará Òkè-Erin kì í jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá yín ló kìlọ̀ fún yín láti kékeré pé bí ohùn kan bá pè yín ní ohun tí ẹ ò jẹ́, kí ẹ máa bá tiyín lọ, kí ẹ má dáhùn. Ẹ gbọ́ràn sí ìyá yín lẹ́nu. Ẹ gbọ́ràn jù. Ẹ dúró pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ẹ ń wo akéde bí ẹni ń wo wèrè, kò sì sẹ́ni tó mira.

Ó tiẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀. L! Pasẹ́ǹtì C mẹ́ta! Pasẹ́ǹtì A ọ̀kan! W! U! Y! Pasẹ́ǹtì C mẹ́ta! Pasẹ́ǹtì A C! Ó dúró kí ẹni náà jẹ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́. Ó bínú sí ẹni náà pé ó ń fi àkókò ìlú ṣòfò, ó sì kọjá sí orúkọ tó kàn. Títí di òní, akéde ò tíì pọn omi ní ẹ̀rọ yìí.

Muyibi jẹ́. Risi Lamidi náà jẹ́, nítorí kò fi àmì sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàrin Risi àti Lamidi kò lè rìn lójú ọ̀nà yẹn, àmì ìròpọ̀ ló rọ́pò rẹ̀. Akéde sì pè é bó ṣe rí i: Risi ròpọ̀ mọ́ Lamidi! Ìyàwó Làmídì alápatà wà láàrin èrò. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé orúkọ obìnrin kan ṣoṣo ni, kò wọ̀ ọ́ létí. Làmídì sùn sí ìsọ̀ ẹran lọ́jọ́ náà, ọkùnrin tí kò kí Risi rí láyé rẹ̀.

Ibi tó kàn yìí, akéde bẹ̀ yín, ẹ má wo ojú òun bí òun bá ń sọ ọ́. Lára àwọn tó kọ orúkọ ni Màmá Àwẹ̀ró, tó ń lọ ògì tí gbogbo yín ń mu. Màmá ni ìyá Wúràọlá. Wúràọlá ni ìyàwó akéde. Ẹ sì mọ̀ pé àna kì í la ẹnu pe ìyá ìyàwó rẹ̀ lórúkọ ní gbangba. Láti ìgbà tí Láwuyì ti gbé Wúràọlá, kò pe orúkọ náà rí, kódà ní ìkọ̀kọ̀. Láti ọjọ́ tí òfin omi ti jáde ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Báwo ni yóò ṣe pe Màmá bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìgbà tó rí pasẹ́ǹtì lórí ìwé, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn ọrùn. Gbogbo yín lẹ rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó pè é ní ohùn dídùn. Pasẹ́ǹtì C mẹ́ta! Pasẹ́ǹtì mẹ́jọ òdo! W! Pasẹ́ǹtì E ọ̀kan! Pasẹ́ǹtì B A! Pasẹ́ǹtì B mẹ́sàn-án! Pasẹ́ǹtì C C! Pasẹ́ǹtì mẹ́jọ òdo! R! Pasẹ́ǹtì C mẹ́ta! Pasẹ́ǹtì B mẹ́ta! Ó pè é tán, ó nu òógùn, ó dúpẹ́. Màmá jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó wò ó, kò jẹ́. Ìgbà tí oòrùn mú, ó dìde, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo relé. Àgbàdo tó rẹ sílẹ̀ fún ògì kò rí omi tí wọn ó fi sẹ́ ẹ.

Ẹ pariwo dé ààfin. Múyìbì tún un ṣe. Ó kọ́ kọ̀ǹpútà láti to àwọn pákó náà padà, ṣùgbọ́n ó ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí odindi lẹ́tà. Lẹ́tà ẹ wá di á, òdo kékeré, àti ọ̀kan kékeré. Akéde kéde òdo kékeré, ó kéde ọ̀kan kékeré. Kò sẹ́ni tó jẹ́. Múyìbì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bà á jẹ́ pátápátá, àmì ìbéèrè ló kù nínú orúkọ yín. Akéde ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe àmì ìbéèrè. Ó kàn ń gbé ohùn sókè ní ibi tó bá ti rí i, bí ẹni ń bèèrè lọ́wọ́ yín pé ta ni yín.

Nígbà tó yá, àwọn kan lára yín lọ bọ́ àmì kúrò nínú orúkọ wọn kí wọ́n lè rí omi pọn. Akéde ò dá yín lẹ́bi, òùngbẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Wúràọlá bẹ ìyá rẹ̀ pé kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ní orúkọ tí bàbá òun sọ òun kò ní pasẹ́ǹtì nínú, kò sì ní rìn ní ìhòhò. Ó ní òun mọ ohun tó ń ṣe àna òun. Bó bá ń tijú láti pe òun, kó wá sọ fún òun, kó yéé fi kọ̀ǹpútà bojú.

Wúràọlá gbọ́ èyí, kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kó ìkòkò, ó kó orógùn, ó kó àwo, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí Láwuyì bá pe orúkọ ìyá òun bó ṣe yẹ, lẹ́nu ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo ìlú, lòun ó padà sílé. Láti ìgbà náà, gààrí ni akéde ń mu láàárọ̀, gààrí ló ń mu lọ́sàn-án. Ilé ti dá páropáro. Ó lè pe gbogbo ìlú jọ pẹ̀lú agogo, kò sì rí ẹnìkan pè wá jẹun.

Ẹ̀yin ará Òkè-Erin, ojú ro akéde ló ṣe gba ààfin lọ fúnra rẹ̀. Ó bá Kábíyèsí tí òun náà ò tíì wẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Múyìbì, wọ́n ní kó jókòó, kó tẹ orúkọ Màmá Àwẹ̀ró, kó má tẹ tirẹ̀. Múyìbì tẹ̀ ẹ́. Ó wo ohun tó jáde. Ojú tì í gan-an, ó sì wí bẹ́ẹ̀. Kò kúrò lórí àga títí ó fi rí ibi tó ti ṣì í. Òun àti Kábíyèsí ló jọ ṣe òfin yìí. Ẹ fetí sílẹ̀!

Àṣẹ kìíní! Ẹni tó ń di ẹrù orúkọ àti ẹni tó ń tú u gbọ́dọ̀ lo ìlànà kan náà. UTF-8 lorúkọ ìlànà náà. Akéde ò mọ ilé tó ti wá, kò sì mọ àwọn méje tó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó mọ orúkọ gbogbo ayé. Ẹni tó bá lo òmíràn, a ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé aládùúgbò rẹ̀, kó máa fi ṣí ilé tirẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú!

Àṣẹ kejì! Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í to pákó, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ àmì ìròpọ̀ di àlàfo padà. Ẹni tó bá gbàgbé, òun ni yóò lọ ṣàlàyé fún ìyàwó Làmídì. Yóò dá nìkan lọ. Ìdí odó ni yóò ti bá a.

Àṣẹ kẹta! Akéde ní àṣẹ kẹta o! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka pákó kan ṣoṣo kó pè é ní lẹ́tà. Ẹ kó gbogbo wọn jọ! Ẹ kó gbogbo wọn jọ ná, kí ẹ tó kà wọ́n pa pọ̀! Ẹni tó bá kà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó gbé ẹ̀wà tútù fún un, a ó gbé ata fún un, a ó gbé ewé fún un, a ó ní mọ́ínmọ́ín rẹ̀ rèé, kó jẹ ẹ́ tán lójú wa.

Àṣẹ kẹrin! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n tú ẹrù. Gbogbo yín lẹ mọ oníbúrẹ́dì tó kọ Búrẹ́dì Dáadáa 100% dípò orúkọ rẹ̀. Pasẹ́ǹtì tirẹ̀ jẹ́ pasẹ́ǹtì gidi. Kọ̀ǹpútà tú u lẹ́ẹ̀kan, ó rí i. Ó tún un tú, ó ń wá ohun tó wà lẹ́yìn pasẹ́ǹtì, kò rí nǹkan kan, ó kú síbẹ̀. Ẹni tó bá tú ẹrù lẹ́ẹ̀mejì, a ó fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti bó, a ó ní kó tún un bó.

Àṣẹ karùn-ún! Àwọn olóyè kan ti dá a lábàá pé kí gbogbo ìlú bọ́ àmì orúkọ wọn sọnù, kí kọ̀ǹpútà lè sinmi. Kábíyèsí ní rárá. Ẹni tó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, yóò wá sípàdé ìlú láìdé fìlà, láìwọ bàtà, kó lè mọ bó ṣe ń rí lára lẹ́tà.

Àṣẹ kẹfà kò tíì jáde. Àwọn olóyè ṣì ń jiyàn lé e lórí, akéde sì ti gbọ́ ariwo àwo oúnjẹ wọn.

Àṣẹ keje! Ẹni tó bá ṣe ìkànnì fún ìlú, kó má fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan dán an wò. Orúkọ tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù ni kó kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò máa pọn omi fún gbogbo ẹni tí kò rí omi pọn. Múyìbì ló ní kí wọ́n kọ èyí sínú òfin. Ẹ wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, garawa kẹta ló rù yẹn.

Àṣẹ kẹjọ kan akéde. Ó ti bẹ Kábíyèsí pé kí wọ́n fò ó. Wọn ò fò ó. Wọ́n ní ìwé tuntun ti jáde, orúkọ inú rẹ̀ sì pé, tàmì tàmì. Wọ́n ní orúkọ Màmá ni kí akéde kọ́kọ́ pè, ṣáájú orúkọ ààfin. Akéde ní àna lòun jẹ́. Kábíyèsí ní òun mọ̀. Ó ní ẹnu ìlú ni yóò pe orúkọ, ara àna ni yóò dọ̀bálẹ̀. Bí akéde bá kọ̀, wọn ó gba agogo, wọn ó gba bàtà, Wúràọlá ò sì ní padà.

Ẹ fún akéde láàyè. Ẹ sún kẹ́ẹ̀gì yẹn. Akéde ti gbé agogo sílẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ yìí, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wo ìwé náà. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń pè é báyìí.

Àwẹ̀ró!

Màmá jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Wúràọlá dúró tì í. Akéde tún un pè.

Àwẹ̀ró o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, tẹ́ ò gbọ́, Màmá ti jẹ́ o! Màmá ti jẹ́! Ó ti dìde. Ó ní òun ti ń gbọ́ bí akéde ṣe ń pe orúkọ onílé àti àlejò láti ìgbà tó ti jogún agogo, òun sì máa ń bi ara òun léèrè bí tòun yóò ṣe dùn tó lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kó dìde nínú ẹrẹ̀. Ó ní kó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dìde.

Àwẹ̀ró ọmọ Òkè-Erin!

Wúràọlá ń sunkún. Ó ní òun ò sunkún. Ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ẹ̀rọ, omi ń dà sínú rẹ̀, ó sì ń pe ọkọ rẹ̀ kó wá gbé e ru. Kábíyèsí ló rán akéde ní gbogbo èyí. Akéde ò fi kún un, kò yọ níbẹ̀, àfi ẹrẹ̀ tó fi ra aṣọ. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Ìyókù orúkọ yín wà lórí ìwé, ẹ ní sùúrù, akéde ń gbé omi ìyá ìyàwó rẹ̀ relé ná.